Wíǹṣì tó ti gbó: ibi tí a ti lè ṣọ́wó ná, àti ibi tí a kò gbọdọ̀ ṣọ́ ọ

(Ohùn márùn-ún tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn ará wa tí dátà wọn kò gbé ohùn, àti àwọn tó wà nínú ọjà nígbà tó wọlé.)

OHÙN KÌÍNÍ

Mo gbọ́ ohùn tí arákùnrin wa tó ń kó ike àti abọ́ lọ sí àwọn ọjà oko fi sílẹ̀ lálẹ́ àná. Ó ní wíǹṣì tó wà níwájú píkọ́ọ̀pù òun kò fa nǹkan bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ń han, ó ń gbóná, ó sì máa ń dákẹ́ láàárín iṣẹ́. Tuntun ti wọ́n ju agbára òun lọ, òjò sì ti ń bọ̀. Kí ni òun lè fi owó díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ṣe?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà oko mọ ilẹ̀ tí à ń wí yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yanrìn á gbé táyà mì. Nígbà tí òjò bá dé, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ fàdámà tó wà lẹ́bàá odò Rima á di ẹrẹ̀ tó ń mu ọkọ̀ dé ikùn. Ọkọ̀ tó bá rì síbẹ̀ tòun ti ẹrù, ọjà ọjọ́ náà ti bọ́ nìyẹn, ẹlẹ́rù á sì sùn ti ẹrù rẹ̀ nínú oko. Kò sí ẹni tó fẹ́ sùn sí irú ibẹ̀ lásìkò tí a wà yìí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, wíǹṣì ni ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ iwájú ọkọ̀, tó ní okùn irin lára. A ó fa okùn náà jáde, a ó fi kọ́ igi tó ta gbòǹgbò dáadáa tàbí ọkọ̀ mìíràn, mọ́tò iná kékeré inú rẹ̀ á wá máa ká okùn náà padà. Bó ṣe ń ká a ni ọkọ̀ ń fa ara rẹ̀ jáde. Ilé iṣẹ́ Warn ní Amẹ́ríkà gbé wíǹṣì oníná tirẹ̀ jáde fún ọkọ̀ àdáni ní 1959. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń rí lọ́jà báyìí ń ti Ṣáínà wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ méjì ni wíǹṣì ń ṣe: ó ń fà, ó sì ń dì mú. Ohun tó ń fà ni bátìrì, wáyà iná, solenoid àti mọ́tò iná. Ohun tó ń dì mú ni okùn irin, ìkọ́, bíréèkì inú rẹ̀, àti bóòtù tó so ó mọ́ ọkọ̀. Jíà wà láàárín méjèèjì. Bí ohun tó ń fà bá bàjẹ́, ọkọ̀ á dúró síbi tó wà, inú á bí wa, ó tán. Bí ohun tó ń dì mú bá já, ó lè pa èèyàn. Ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ohun tó ń fà ni kó ti ṣọ́wó ná: kó fọ̀ ọ́, kó tún un ṣe, kó ra tòkunbọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ohun tó ń dì mú, kò sí “ẹ bá mi mánéèjì ẹ̀” níbẹ̀ rárá.

Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Torí pé mọ́tò ló ń pariwo, òun ni wọ́n á kó gbogbo owó lé. Okùn tó ti já, wọ́n á ta á ní kókó, wọ́n á máa lò ó lọ. Ẹ dákun, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá.

OHÙN KEJÌ: INÁ

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ti ní í ná wa ní ohun púpọ̀.

Wíǹṣì tí wọ́n kọ 9,500 pounds sí lára, ìyẹn bíi 4,300 kilo, lè jẹ iná tó ju 400 amps lọ nígbà tó bá ń fa ẹrù tó kún un. Sítátà ọkọ̀ kékeré kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí iná ti pọ̀ tó báyìí, ìdọ̀tí kékeré lórí bátìrì á di ìdíwọ́ ńlá. Wíǹṣì tí ẹ rò pé ó ti kú, ó lè jẹ́ pé ebi iná ló ń pa á.

Àkọ́kọ́, ẹ tú orí bátìrì. Wáyà négétíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Tí ẹ bá ń dá a padà, òun ni kó kẹ́yìn. Ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ohun funfun tó hù sí i kúrò, ẹ fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ wáyà dúdú láti ara wíǹṣì lọ. Bó bá jẹ́ pé ara bọ́ńpà ni wọ́n dè é mọ́, ẹ mú un lọ sórí bátìrì tààrà. Ọ̀dà àti irin tó ti dógùn-ún kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa.

Ìkejì, ẹ wá rewire tó ní mítà. Kó fi ojú kan mítà sí pọ́sítíìfù bátìrì, kó fi ojú kejì sí ibi tí wáyà náà ti wọ wíǹṣì, kí ẹlòmíì wá tẹ bọ́tìnì kí wíǹṣì máa fa nǹkan. Bí mítà bá fi ohun tó ju ìlàjì volt lọ hàn, iná ń sọnù lójú ọ̀nà. Wáyà tàbí orí rẹ̀ ló níṣẹ́. Kó ṣe bákan náà fún wáyà dúdú. Kó wá wọn bátìrì fúnra rẹ̀. Bátìrì tó yó máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 volts nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ń já wá sísàlẹ̀ 10 bí wíǹṣì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹ wá owó bátìrì, ẹ má tíì tú wíǹṣì.

Bí wáyà ni ẹ máa rà, ẹ mú ọ̀bẹ dání. Wáyà ayédèrú wà níta: bàbà ni wọ́n fi bò ó lójú, alumíníọ̀mù ló wà nínú. Ẹ ha ọ̀kan nínú fọ́nrán rẹ̀. Bí inú bá funfun, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ojúlówó bàbà, bí ẹ ṣe ha á tó, pupa náà lẹ máa bá níbẹ̀.

Solenoid wá ńkọ́? Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, tí ẹ gbọ́ “kọ́”, tí mọ́tò kò sì yí, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àwọn kan ṣeé ṣí, kí rewire fi fáìlì fọ ojú bàbà tó ti jó nínú rẹ̀. Ìyẹn á gbé wa dé ibì kan, ṣùgbọ́n ẹ máa tọ́jú owó tuntun. Ohun tó burú lára solenoid tó ti jó ni pé ó lè lẹ̀ mọ́ra: ẹ ti fi bọ́tìnì sílẹ̀, wíǹṣì kò sì jáwọ́ nínú fífà. Torí ìyẹn, owó kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù ná kó tó ra ohunkóhun. Ẹ ra síwíìṣì ńlá tí wọ́n fi ń gé iná bátìrì, irú èyí tí àwọn onítírélà ń lò. Ẹ wo iye amps tí wọ́n kọ sí i lára, kó tó ohun tí wíǹṣì yín ń jẹ. Ẹ fi sáàárín bátìrì àti wíǹṣì, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o kíákíá. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ pa á.

OHÙN KẸTA: MỌ́TÒ ÀTI JÍÀ

Ẹ kú ìfaradà. Tí iná bá ti dára, tí kò sì tíì fà, ẹ jẹ́ ká ṣí mọ́tò. Kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan kọjá ibi tí apá méjì bá ti pàdé, kẹ́ ẹ lè dá a padà bó ṣe wà.

Ẹ wo káábọ̀nù inú rẹ̀. Bó bá ti jẹ ju ìlàjì lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ wá èyí tí wọ́n kọ orúkọ wíǹṣì sí. Rewire tó mọṣẹ́ lè mú káábọ̀nù sítátà tírélà tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, kó fi fáìlì gé e dé ìwọ̀n. Èyí tí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ni kó lò. Káábọ̀nù dúdú tó wà nínú gíráńdà kò lè gbé iná tó pọ̀ tó yìí, kíá ló máa gbóná.

Òrùka bàbà tí káábọ̀nù ń fara họ, sáńpépà tó kúnná ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má lo èyí dúdú tí wọ́n fi ń ha irin, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè gbé iná kọjá láti ibì kan sí ibì kejì. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí tó há sáàárín àwọn bàbà náà. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjó, tí wáyà inú rẹ̀ sì ti dúdú, ẹ béèrè iye mọ́tò tòkunbọ̀ kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n wé e lọ́tun. Ẹ lè ní kí ará ilé yín kan wò ó ní Ladípọ̀, ní Múṣin. Ṣùgbọ́n àpèjúwe ẹnu kò tó. Ẹ ya fọ́tò ti àtijọ́, ẹ wọn ọ̀pá àárín rẹ̀, ẹ ka eyín tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Wíǹṣì Ṣáínà pọ̀ tó jọra, àmọ́ eyín kan péré lè mú kó má wọlé, owó ọkọ̀ láti Èkó dé Sókótó á sì di òfò.

Jíà ló kàn. Ariwo tí arákùnrin wa ń gbọ́ yẹn, ó lè jẹ́ pé gírísì ti gbẹ, yanrìn sì ti wọ̀ ọ́. Ẹ tú u sórí aṣọ mímọ́, kì í ṣe sórí ilẹ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gírísì àtijọ́ kúrò, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wá fi gírísì tuntun ra á fẹ́lẹ́. Ẹ má tì í kún un. Gírísì tó bá pọ̀ jù á ṣàn lọ bá bíréèkì, bíréèkì tó bá mu gírísì kì í di nǹkan mú mọ́. Rọ́bà tó ń dí omi lẹ́nu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti tú u. Owó rẹ̀ kò pọ̀, tí omi ẹrẹ̀ bá sì wọlé, gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe ti di asán.

Ẹ wá wo eyín jíà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kán, ẹ má gbé e lọ fún jórinjórin. Wọ́n ti fi iná sé irin yẹn kó le láti ilé iṣẹ́. Iná jórinjórin á sọ ọ́ di rírọ̀. Yóò dà bíi pé ó dára lójú, ọjọ́ tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn ni yóò já. Búùṣì bàbà tó ti jẹ, ìyẹn ṣeé ṣe. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí irin lè gé tuntun fún yín, ẹ ṣáà mú ti àtijọ́ àti ọ̀pá tó ń wọnú rẹ̀ dání.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Land Cruiser àtijọ́ tó jẹ́ pé jíà ọkọ̀ ló ń yí wíǹṣì, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Pín-ìn-nì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe kó máa kán nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù. Ìṣó tàbí bóòtù líle ni àwọn kan ń fi rọ́pò rẹ̀ kó má baà kán mọ́. Tí pín-ìn-nì kò bá kán, nǹkan mìíràn ló máa kán: jíà ni, tàbí okùn. Ẹ ra irú pín-ìn-nì yẹn gan-an, ẹ tọ́jú méjì mẹ́ta sínú ọkọ̀.

OHÙN KẸRIN: OKÙN, ÌKỌ́, BÍRÉÈKÌ

Ibi tí ẹ̀mí wà la dé yìí o. Okùn irin tó bá já nígbà tó le dan-in, ó máa ń fò padà bí pàṣán. Ó lè la gíláàsì ọkọ̀ kọjá, ó lè gé ẹsẹ̀.

Ẹ fa okùn náà jáde tán, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, ẹ fi àkísà rọra gbá a mú, kẹ́ ẹ máa fà á kọjá. Ibi tí àkísà bá ti kọ́ ni fọ́nrán ti já. Ẹ wo fọ́nrán ńlá kan bó ṣe yí okùn náà ká. Ibi tó ti yí i ká lẹ́ẹ̀kan pérépéré, tó máa ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lára okùn mìlímítà mẹ́jọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kà. Òfin tí àwọn oníkíréènì ń tẹ̀lé ni pé bí wáyà wẹ́wẹ́ mẹ́fà bá ti já láàárín ìwọ̀n yẹn, tàbí mẹ́ta lára fọ́nrán ńlá kan ṣoṣo, okùn náà ti parí iṣẹ́. Bákan náà ni èyí tó ti ká kò bí ìfun, èyí tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ, àti èyí tó ti dógùn-ún wọnú.

Ẹ má ta okùn irin ní kókó. Kókó lè gba ìdajì agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí olówó díẹ̀ ti lè rí ọ̀nà: bó bá jẹ́ pé apá ẹnu ìkọ́ nìkan ló bàjẹ́, bí àpẹẹrẹ mítà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, ẹ tún ẹnu rẹ̀ dì. Okùn á kúrú, àmọ́ á ṣì wúlò. Ẹ fi irin onírìsí omi ojú sínú ihò rẹ̀, ẹ wá fi kílíìpù mẹ́ta dì í fún okùn mìlímítà mẹ́jọ, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Bóòtù tó tẹ̀ kọdọrọ, orí ìrù okùn tó kúrú ni kó wà. Ìjókòó rẹ̀, orí okùn gígùn tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá yí i padà, bóòtù yẹn á máa jẹ okùn tó gbé ẹrù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún fi sípánà fún un. Bó ti wù kẹ́ ẹ dì í dáadáa tó, kò ní í lágbára tó ti ilé iṣẹ́. Ẹ kà á sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ìkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti là, tàbí tó ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má fi iná yọ́ ọ kẹ́ ẹ fi òòlù tẹ̀ ẹ́ padà. Bóòtù tó di wíǹṣì mọ́ ọkọ̀, ẹ wo orí rẹ̀: kí wọ́n kọ 8.8 síbẹ̀, ó kéré tán. Bóòtù tí kò ní nọ́ńbà lórí, ti àga àti ilẹ̀kùn ni.

Bíréèkì: lára ọ̀pọ̀ wíǹṣì, inú agbada tí okùn ń ká mọ́ ló wà. Ẹ dán an wò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì má pa, kí dírẹ́bà jókòó, kó fi ẹsẹ̀ sún mọ́ bíréèkì ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró lẹ́yìn. Ẹ fi wíǹṣì fa ọkọ̀ gòkè díẹ̀, ẹ fi bọ́tìnì sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà fi ọ̀dà sàmì sí táyà àti ilẹ̀ láti ibi ìjókòó rẹ̀, tàbí kó kàn mú nǹkan kan níta lójú. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ọkọ̀ bá ń yọ́ sẹ́yìn, bíréèkì ti jẹ. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Láti ibí náà ni mo ti fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta jẹnẹrétọ̀: wíǹṣì iwájú ọkọ̀ kì í ṣe fún gbígbé nǹkan kọ́ sókè. Séènì bulọ́ọ̀kù ni wọ́n ṣe fún ìyẹn.

OHÙN KARÙN-ÚN: BÍ A ṢE LÈ DÍN ẸRÙ RẸ̀ KÙ

Wíǹṣì tó ti gbó kò ní í di ọ̀dọ́ mọ́, àmọ́ a lè dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ohun tó dára jù tí ẹ lè fi owó kékeré rà ni púlì alágbára, èyí tó ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí okùn lè wọ̀ ọ́. Ẹ so púlì mọ́ igi, ẹ mú okùn gba inú rẹ̀, ẹ dá ìkọ́ padà sí ara ọkọ̀ yín. Agbára tó ń fa ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á rọra fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mọ́tò kò ní í gbóná tó bẹ́ẹ̀, okùn náà kò sì ní í gbé ju ìdajì ẹrù lọ. Púlì náà gan-an gbọ́dọ̀ lágbára ju wíǹṣì lọ, torí ẹrù méjèèjì pàdé lórí rẹ̀.

Ẹ mọ ìwọ̀n ẹrù yín. Bí píkọ́ọ̀pù àti ọjà inú rẹ̀ bá wọn 2,500 kilo, ẹ wá wíǹṣì tó lè fa ìlọ́po kan àti ààbọ̀ rẹ̀, ìyẹn 3,750. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára wíǹṣì, ìpele àkọ́kọ́ okùn lórí agbada ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí okùn bá ká lé ara wọn dé ìpele kẹrin, agbára tó kù lè má ju bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Nítorí náà, okùn gígùn ni kẹ́ ẹ fà síta, ẹ kàn fi ó kéré tán ìká márùn-ún sílẹ̀ lórí agbada kó má baà yọ. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà, ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ iwájú táyà. Ọwọ́ àwọn ọmọ tó wà nítòsí kò wọ́n tó mọ́tò tuntun.

Ẹ fà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lóṣù kẹrin, tí oòrùn Sókótó bá ti kọjá 40, ẹ jẹ́ kí ìsinmi náà gùn sí i. Ẹ fi tapólìn tàbí kóòtù tó wúwo lé àárín okùn. Bó bá já, yóò wálẹ̀. Ẹ lé àwọn ọmọdé àti àwọn tó wá wòran jìnnà ju gígùn okùn tó wà níta lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ré okùn kọjá.

Arákùnrin wa, bí mo ṣe máa tò ó rèé. Ọ̀sẹ̀ yìí, fọ orí bátìrì, tú jíà kí o fọ̀ ọ́, fi àkísà yẹ okùn wò. Owó àkọ́kọ́ tó bá wọlé, okùn tàbí ìkọ́ tí kò dára ni, àti bíréèkì bó bá ń yọ́, pẹ̀lú síwíìṣì tó ń gé iná. Owó kejì, púlì. Lẹ́yìn ìyẹn ni káábọ̀nù, solenoid àti wáyà. Mọ́tò ló kẹ́yìn, ó sì ṣeé ṣe kó o má nílò rẹ̀ rárá. Bí owó kò bá tíì dé ibi okùn, jọ̀ọ́ yọ ìkọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yá a lò lẹ́yìn rẹ.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó ya fọ́tò okùn rẹ̀ sórí gúrúùpù, ká jọ wò ó. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti lo wíǹṣì pẹ́, ẹ bá wa dá sí i. Ọjà á tà o.